Àdírẹ́sì Tí Mo Gbọ́wọ́ Lé

Àdírẹ́sì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀ sórí bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi. Ẹ jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín láìṣì í. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni, àmì dọ́ọ̀tì sì wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó jẹ́ lè rò pé nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni. Èmi mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kí n pàdánù iṣẹ́ mi àti físà mi nítorí rẹ̀, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi gbà á padà. Bí ẹ bá rí i pé mo ń yangàn díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ fi mí sílẹ̀, ó tọ́ sí mi.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé wa wà. Télọ̀ ni ìyá mi. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni mo dàgbà sí. Maṣíìnì márùn-ún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan tí wọ́n ń gé aṣọ lórí ẹ̀, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Èmi náà wà lára àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀hún. Pé ọ̀gá ni ìyá mi kò ní kí n má gbálẹ̀.

Ìyá mi ní òfin kan tí n kò tíì rí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mìíràn. Bí ọ̀gá bá ti na aṣọ oníbàárà sórí tábìlì, tí sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ wọn, tí ọmọ iṣẹ́ kan wá rí i pé wọ́n fẹ́ ṣì í gé, kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé wọ́n ń ṣì í gé. Ta ló ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ báyẹn lójú oníbàárà? Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dákẹ́ náà. Ńṣe ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé aṣọ náà níbi tí sísọ́ọ̀sì ń bọ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Ìyá mi á dúró, wọ́n á mú téèpù, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ọmọ iṣẹ́ bá jàre, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí kò bá jàre, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò, iṣẹ́ á sì máa lọ. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n bínú sí ẹni tó gbọ́wọ́ lé aṣọ. Ẹni tó rí i tó sì dákẹ́ ni wọ́n máa ń bá jà, wọ́n sì lè bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní girama. Léèsì ìyàwó tuntun ni, wọ́n sì ti fẹ́ gé ọrùn rẹ̀ sí apá ẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé e. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n mú téèpù. Lọ́jọ́ yẹn, ẹran méjì ni wọ́n bù sórí oúnjẹ mi, wọn kò sì sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ kóòdù. Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni mo gbé, nínú yàrá tí àwa mẹ́ta jọ ń lò, lórí láptọ́ọ̀pù kan tí bọ́tìnnì méjì ti yọ lára ẹ̀. Bí ìyá mi bá wá ra òwú àti sípì ní Ọjà Igbó, wọ́n á yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ní èèrà ló kún inú ẹ̀. Mo ní kóòdù ni, mà. Wọ́n ní kí wá ni kóòdù ń ṣe. Mo ní èèyàn á kọ ohun tó fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀rọ á sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́, bó tilẹ̀ ṣì í kọ. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ó yé àwọn, ọmọ iṣẹ́ tó lágbára àmọ́ tí kò gbọ́n ni. Mo ti ka ìwé púpọ̀ látìgbà yẹn, n kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé kọ̀ǹpútà dáa jù báyẹn lọ.

Leeds ni mo lọ ṣiṣẹ́, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, torí gbogbo ẹni tó lọ ló ní ìtàn físà tiẹ̀, gbogbo wọn ló sì jọra. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù halẹ̀ mọ́ mi tó kí n tó kúrò nílé. Orúkọ ọ̀gá mi ni.

Malcolm ni orúkọ rẹ̀. Irun orí ẹ̀ ti funfun, ọjọ́ orí ẹ̀ á sì ju ti ìyá mi lọ. Gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì, títí kan ẹni tó ń fọ ife, ló ń pè é ní Malcolm láìkúnlẹ̀, láìfi nǹkan kan ṣáájú. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní sà, ó ní òun kò fẹ́ sà. Nítorí náà mo pinnu pé n kò ní pè é rárá. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni màá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹ̀, màá wúkọ́, màá dúró di ìgbà tó bá gbé ojú sókè. Ó lé ní oṣù márùn-ún tí mo fi ń wúkọ́ létí ọkùnrin yìí. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti rí dókítà.

Ìdánìkanwà sì wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló máa ń pọ̀ jù. Ní Ọ̀yọ́, mi ò lè rìn dé ìkòríta kí èèyàn mẹ́wàá má ti béèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ní Leeds, mo lè rìn látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Obìnrin kan ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Mo kí i lárààárọ̀ fún oṣù kan kó tó dá mi lóhùn. N kò jáwọ́, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ tó wá dá mi lóhùn, tó tún ní òjò fẹ́ rọ̀, mo jó nínú yàrá mi bí ẹni tó yege ìdánwò.

Bí mo bá pe ìyá mi, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti máa ń gbé e. Wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo èèyàn máa gbọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì máa kí mi kú òkè òkun láàárín ariwo maṣíìnì. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè: ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ti kírun, ṣé ọ̀gá mi fẹ́ràn mi. Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì àkọ́kọ́ dá mi lójú. Ẹ̀kẹta kò dá mi lójú rárá, torí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ní kí n máa lọ, físà mi ti lọ pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń ṣe. Àwọn ilé oògùn kéékèèké ló ń lo ẹ̀rọ wa. Bí dókítà bá kọ oògùn fún aláìsàn, ọ̀dọ̀ wa ni ìwé náà ń gbà dé ilé oògùn. Àwa kò ní kọ̀ǹpútà ńlá kankan ní ọ́fíìsì o. Ńṣe la ń yá a lò lọ́wọ́ àwọn tó ní ilé ẹ̀rọ ràgàjì, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Kóòdù la fi ń béèrè: a ó kọ ọ́ pé ẹ fún wa ní sáfà tó tóbi báyìí, ẹ gbé e síbí, ẹ fún un ní àdírẹ́sì. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ to ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ohun tó fẹ́ fi kún un, ohun tó fẹ́ yí, ohun tó fẹ́ pa rẹ́. Ẹnì kan á kà á, á ní ó dáa. Ìgbà náà ló tó máa ṣe é.

A lè pa sáfà rẹ́ láàárọ̀ ká gba òmíràn lọ́sàn-án, kò ṣe nǹkan kan. Àdírẹ́sì ni kò gbọdọ̀ yí. Gbogbo ilé oògùn yẹn ló ní géètì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tiwọn, nọ́ńbà àdírẹ́sì wa kan ṣoṣo sì ni wọ́n kọ sí i pé kí ó ṣílẹ̀kùn fún. Ìdí nìyẹn tí a fi gba àdírẹ́sì kan tó jẹ́ tiwa, tí à ń gbé lé orí sáfà yòówù tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé mi, mo ronú nípa ara mi. Ní Ọ̀yọ́, orúkọ ìyá mi ti wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà kí n tó dé ibẹ̀. Ní Leeds, kò sí géètì kankan tó tíì kọ nọ́ńbà tèmi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà mi ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo já fáfá. Kóòdù wa rí jágbajàgba, mo wá tún un tò. Mo gbé àwọn ìlà tó jẹ́ ti àdírẹ́sì kúrò ní ibi tí wọ́n wà, mo kó wọn lọ sí fáìlì tiwọn. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ìyá mi sọ nípa ọmọ iṣẹ́ tó lágbára tí kò gbọ́n. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé mo kàn gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Ó rò pé a kò fẹ́ ti àkọ́kọ́ mọ́, pé òmíràn la ń béèrè.

Malcolm ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, torí òun nìkan ló lè ní ó dáa. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ to ìlà gbọọrọ sílẹ̀. Ó ń kà á lọ wìì, torí ó ti tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Láàárín gbùngbùn, mo rí i: a ó pa àdírẹ́sì yìí rẹ́, a ó sì gba tuntun.

Mo wúkọ́. Mo wá sọ fún un, lédè òyìnbó tó tutù jù lọ tí mo ní, pé ẹ má bínú o, ó ń ṣe mí bíi pé bóyá ó lè dáa tí a bá tún wo àárín ibẹ̀ díẹ̀, bí àyè bá wà.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí mo bá sọ báyẹn fún àgbàlagbà nílé, á mọ̀ pé iná ti ń jó. Á ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Malcolm gbọ́ ni ọmọdébìnrin kan tó ń bẹ̀rù lásán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní gbogbo ẹ̀ ló dáa, ó tẹ bọ́tìnnì.

Kò pẹ́ rárá tí tẹlifóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ńbà tuntun la fi ń kan ilẹ̀kùn, kò sì sí géètì tó mọ̀ ọ́n. Ilé oògùn kan pè láti ìlú kékeré kan pé àwọn arúgbó ti tò síwájú káńtà, pé àwọn kò rí ìwé oògùn kankan. Òmíràn pè. Òmíràn tún pè. Ọ̀gá àgbà pè láti òkè, ó béèrè ta ló kọ kóòdù náà. Orúkọ mi ló wà lára ẹ̀. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè nìyẹn, ọjọ́ Fúráìdeè ni wọ́n sì fẹ́ sọ fún mi bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ.

Ojú Malcolm ti pọ́n. Ó ní kò sí ohun tó kù jù kí òun kọ̀wé sí gbogbo ilé oògùn pé kí wọ́n yí nọ́ńbà ara géètì wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyẹn á gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nítòsí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà náà. Èmi jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, omi ti lé sí mi lójú, mo sì pe ìyá mi.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

“O rí i kó tó tẹ̀ ẹ́?”

“Mo rí i, mà.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo sọ̀rọ̀, mà, ṣùgbọ́n wọn kò...”

“N kò béèrè ẹnu ẹ. Ọwọ́ ẹ ńkọ́? Níbo lọwọ́ ẹ wà?”

Mo ní inú àpò ni, mà, òtútù ń mú. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè bóyá aṣọ náà ti gé tán pátápátá, tàbí ó ṣì ṣeé rán. Mo fẹ́ ní ó ti gé tán. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí ohun tí mo kà nínú ìwé ìlànà àwọn tó ni sáfà, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà: àdírẹ́sì tí èèyàn bá fi sílẹ̀ máa ń padà sáàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni lè gbà, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn kò bá tíì mú un, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè fi nọ́ńbà ẹ̀ béèrè fún un. Mo ní ó jọ pé ó ṣì ṣeé rán, mà.

“Kí lo wá ń ṣe lẹ́nu fóònù?”

Mo sáré wọlé. Malcolm ti kọ lẹ́tà náà tán, ìka ẹ̀ ti wà lókè bọ́tìnnì tí yóò fi ránṣẹ́. Bí ìyẹn bá lọ pẹ́nrẹ́n, ilé oògùn kan á ti yí géètì ẹ̀, òmíràn kò ní tíì yí i, kò sì ní sí nọ́ńbà kan tó máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn mọ́. N kò wúkọ́. Mo na ọwọ́ mi, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ láti kúnlẹ̀, mo sọ fún un kó dúró lóòró.

“Malcolm, dúró.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ jáde lẹ́nu mi. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi. Mo rò ó pé ó ti parí, pé ibi tí mo ti máa di ẹrù mi nìyí. Ó rọra fa àga ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n jókòó.

Kóòdù náà kò ju ìlà mélòó kan lọ. Mo kọ ọ́ pé àdírẹ́sì là ń béèrè, kì í ṣe èyíkéyìí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí, kí wọ́n gbé e lé sáfà wa. N kò ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan tẹ̀. Ẹ̀rọ to ìlà ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Malcolm kà á sókè pọ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ ilé kéú. Ó ní kí èmi tẹ̀ ẹ́. Mo ní bísímíláì, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ń yí. Ó ń yí. Nọ́ńbà jáde, mo kà á: àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Tiwa ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì mú un. Ilé oògùn tó kọ́kọ́ pè tún pè, wọ́n ní ìwé ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Malcolm gbórí lé tábìlì. Èmi lọ sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún dáadáa, kì í ṣe ti ìbànújẹ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, wọ́n pè mí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo kọ kóòdù náà, mo rí àṣìṣe náà kó tó ṣẹlẹ̀, ohùn tí mo fi sọ ọ́ ló kéré. Malcolm ní ohùn mi kọ́, pé òun ni òun kò fara balẹ̀ kà á. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n tún bi mí léèrè ohun tí a lè ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, mo sì sọ fún wọn nípa tábìlì gígùn kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ní kí n lọ kọ ọ́.

Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ìlà kan ló wà nínú kóòdù wa báyìí tó ń tẹ́ ọwọ́ lé àdírẹ́sì náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pa á rẹ́, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà, ẹ̀rọ á kọ̀ fún un, á ní kó lọ pe ẹlòmíràn wá kí wọ́n jọ kà á. Wọ́n ní kí n fún òfin náà lórúkọ. Mo pè é ní Ọwọ́ Lórí Aṣọ. Àwọn òyìnbó ń pè é lọ́nà tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é. Ní ọ́fíìsì yẹn, kò tún sí ẹni tó ń béèrè ibi tí mo ti wá.

Lóṣù tó kọjá, Malcolm fúnra ẹ̀ fẹ́ tún nǹkan kan ṣe kíákíá. Ẹ̀rọ kọ̀ fún un, ó sì kọ orúkọ òfin náà gàdàgbà síwájú ẹ̀. Mo wà lórí àga mi, mo ń wò ó láti ọ̀ọ́kán, títí ó fi ní kí n wá, kí a jọ kà á.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ dá maṣíìnì dúró, kí n sọ ọ́ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, wọn kò béèrè bóyá mo ti jẹun, wọn kò béèrè ìrun.

“Ọ̀gá ẹ yìí,” ni wọ́n wí, “nígbà tó rí ọwọ́ lórí aṣọ, ṣé ó bínú?”

“Rárá, mà,” ni mo ní. “Ó mú téèpù, ó tún un wọ̀n.”